Ẹfun Ara Lékeléke

Igbe tí mo ké lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn olóbì tó wà ní òdìkejì títì gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn sáré wọlé, ó rò pé ejò ni. Ejò ìbá sàn! Àwòrán lékeléke ló wà lórí tábìlì, tí ẹfun kún ara rẹ̀ láti orí dé ìrù. Bàbá Lámídì, káfíńtà wa, dúró tì í, wọ́n ń nu ọwọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ṣe wá lóore.

"Mo ti bá ẹ tún un ṣe," ni wọ́n wí. "Òyìnbó yẹn gbàgbé lékeléke ni. Ó kun koríko, ó kun màlúù, ó wá fi ẹyẹ sílẹ̀ láìkùn. Mo ní kí ló dé? Ṣé lékeléke wá ń ráhùn ẹfun ni?"

Ìgbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mùsíọ́mù kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, nínú ilé àlùfáà àtijọ́. Àwọn àwòrán ẹyẹ tí ìyàwó òyìnbó ajíhìnrere kan yà nílẹ̀ Rẹ́mọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni mò ń tọ́jú. Kì í ṣe ọ̀dà olóròóró ni obìnrin náà lò, àwọ̀ tí a ń fi omi pò ni. Agbe wà níbẹ̀, àlùkò wà níbẹ̀, àkókó, àparò àti elúlùú náà ò gbẹ́yìn. Aró ara agbe yẹn, bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé aláró ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ìkòkò ni.

Ọ̀gá Ṣówándé ló kọ́ mi níṣẹ́. Tíṣà ni wọ́n ní Ìpẹ̀rú kí wọ́n tó lọ kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ìwé àti àwòrán. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, páálí òfìfo ni wọ́n ní kí n máa gbé láti orí tábìlì kan dé orí èkejì, títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ẹnu mi kì í dákẹ́, mo bi wọ́n bóyá iṣẹ́ alábàárù ni mo wá ṣe. Wọn ò bínú.

"Ọjọ́ tó o bá gbé òfìfo bí ẹni gbé ọmọ tuntun," ni wọ́n wí, "ọjọ́ náà ni màá fún ẹ ní àwòrán gbé."

Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ ní gbogbo ìgbà: "Omi ló bí i, omi ló lè pa á." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọ̀ tí a fi omi pò, bí omi bá tún kàn án, yóò yòrò. Ẹ sì wo irú òjò tó ń rọ̀ ní Rẹ́mọ! Lọ́dún yẹn, òrùlé wa ń jò, èébu ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn àwọn férémù. Àwọn ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ wa gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pé màdáámù kan ń bọ̀ wá yẹ àwọn àwòrán wò, pé bí ó bá rí i pé apá wa ò ká a, yóò kó gbogbo wọn lọ sí mùsíọ́mù ńlá kan l'Ékòó. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí àwọn ẹyẹ bá lọ, kí ni èmi tí mò ń ṣọ́ wọn á máa ṣọ́?

Ìdí nìyẹn tá a fi ń pààrọ̀ àwọn férémù tí ikán ti jẹ. Ọ̀la ni màdáámù ń bọ̀. A ti yọ lékeléke sílẹ̀, Bàbá Lámídì ń wọn igi rẹ̀, Ọ̀gá sì rán mi lọ ra páálí funfun ní Ṣàgámù. Ọmọ Ṣàgámù ni Bàbá Lámídì fúnra wọn, ilé olóbì ni wọ́n bí wọn sí, ìyàwó wọn náà ń ta obì. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Obì ń fẹ́ ọ̀rinrin, àwòrán ò fẹ́ ẹ. Ìwọ àti ìyàwó mi ò lè gbé yàrá kan náà láéláé." Kí n tó padà dé, ẹni tá a jọ ń ṣàwàdà ló ti fi ẹfun kun lékeléke mi yìí.

"Bàbá, ẹ pa mí o!" Mo já aṣọ kan gbà, mo rì í bọnú omi, mo fẹ́ nu ẹfun náà kúrò.

"Fi aṣọ yẹn sílẹ̀!"

Ọ̀gá Ṣówándé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. N ò gbọ́ kí wọ́n pariwo rí. Wọ́n gba aṣọ lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wo àwòrán náà títí. Wọ́n wá gbójú sókè wo Bàbá Lámídì.

"Bàbá, ṣé ẹ fi omi pò ó?"

"Rárá o. Gbígbẹ ni mo fi pa á."

"Ọlọ́run, a dúpẹ́." Wọ́n yíjú sí mi. "Sáré lọ ra búrẹ́dì wá."

"Búrẹ́dì kẹ̀? Nínú wàhálà yìí, ta ló fẹ́ jẹun?"

"Inú rẹ̀ tó funfun la fẹ́, aláròyé. Má jẹ́ kí wọ́n fi bọ́tà sí i."

Ọjọ́ náà ni mo kọ́ ọ pé bí èèyàn bá rún inú búrẹ́dì, tó sì rọra ń yí i lórí ìwé, yóò máa gbé ìyẹ̀fun tó bà lé e kúrò. Bàbá Lámídì lọ mú ìyẹ́ adìẹ múlọ́múlọ́ wá nílé, ìyẹn la fi ń gbá èérún. Wọ́n kírun alásàrí, wọ́n padà wá jókòó tì wá. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ẹfun náà ti kúrò, àfi díẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́ apá, níbi tí ojú ìwé ti rí ṣákaṣàka. Mo fẹ́ máa bá a lọ.

"Ó tó," ni Ọ̀gá wí. "Bá a bá tún fọwọ́ kàn án, ìwé á bó."

Lọ́jọ́ kejì, màdáámù dé, obìnrin àgbà kan tí ojú rẹ̀ le bí ojú adájọ́. Ó wo agbe, ó mi orí. Ó wo àlùkò. Ó dé ọ̀dọ̀ lékeléke, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Kí nìyí?"

Ọ̀gá Ṣówándé la ẹnu pé, "Abẹ́ ọwọ́ mi ló ti ṣẹlẹ̀, mà," ṣùgbọ́n Bàbá Lámídì ti ṣí fìlà lẹ́yìn wa.

"Èmi ni, màmá. Wọn ò rán mi. Agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Àdúrà tí wọ́n gbà fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ nìyẹn. Mo wo àwọn méjì àkọ́kọ́, aró pé, osùn pé. Mo wá wo lékeléke, n ò rí ẹfun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí."

Màdáámù béèrè ohun tá a fi nu ún, a sọ fún un. Ó wá fa Bàbá Lámídì sún mọ́ àwòrán náà.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Obìnrin yìí ò gbàgbé. Ó kun koríko yí i ká, ó kun màlúù sẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹyẹ sílẹ̀. Funfun ìwé yẹn gan-an ni ẹfun rẹ̀."

Bàbá Lámídì wò ó títí. Ojú wọn wá là.

"Háà! Á jẹ́ pé kò ráhùn rí!"

Màdáámù bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní a gbọ́dọ̀ tún òrùlé ṣe, ó ní ká má fi àwòrán kankan kọ́ sára ògiri tí òjò ń lù mọ́, ó sì ní kí agbe, àlùkò àti lékeléke máa wà nítòsí ara wọn. Mo béèrè bóyá wọn ò ní kó wọn lọ mọ́.

"Níbi tí mo fẹ́ kó wọn lọ, nọ́ńbà ni wọ́n á fún wọn," ni ó wí. "Ta ni ó máa bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ẹfun níbẹ̀?"

Mo sunkún bí ọmọdé, ojú ò tì mí.

Iṣẹ́ yẹn ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Ọ̀gá Ṣówándé ti lọ, Bàbá Lámídì náà ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Gbogbo ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ lẹ́yìn wọn, páálí òfìfo ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé, wọ́n sì ṣàròyé bí mo ṣe ṣàròyé. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe àdúrà fún mi, wọ́n sì dé orí agbe, àlùkò àti lékeléke, bó ṣe yẹ. Mo ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n ń pín mínírà, mo yọ́ lọ síwájú àwòrán lékeléke, mo wá ẹfun kékeré yẹn lábẹ́ ìyẹ́ apá rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Lámídì, ẹ ṣeun o. Èmi náà ò ráhùn."