Ilé Kẹrin ní Ìlà Kìn-ín-ní

Ìwé kì í gbẹ dáadáa ní ìlú wa. Bí o bá fi í sórí tábìlì fún ọjọ́ méjì, atẹ́gùn òkun á ti mú un rọ̀, etí rẹ̀ á ká, á sì máa rùn bí àwọ̀n tí wọn ò sá sóòrùn. Nítorí èyí ni mo ṣe kó gbogbo ìwé tí mo fẹ́ fi tọ ìyàwó mi lọ sí Ìlú Ọba sínú kúlà tí a fi ń gbé yìnyín lọ sójú omi, mo dé e pa, mo sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá rí mi tí mo ń ṣí i wò láràárọ̀ lè rò pé ẹja ńlá kan ni mo ń tọ́jú síbẹ̀. Páṣípọ́ọ̀tù mi wà nínú rẹ̀, ìwé ìgbéyàwó tí ìjọ kọ fún wa wà níbẹ̀, àwòrán ọjọ́ ìgbéyàwó náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo wa nínú aṣọ funfun, tí èmi ọkọ ìyàwó le gbagidi láàárín wọn bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mí nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ní ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Mahintedo. Oṣù mẹ́jọ péré la fi gbé pọ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó kí iṣẹ́ tó gbé e lọ sókè òkun. A ní ọdún kan ni. Ọdún kan di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́fà, nítorí irú ìwé tí wọ́n fi gbà á wọ̀lú kò fún un láyè láti pe ọkọ rẹ̀ wá. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní èmi ni ìyàwó ilé, wọ́n á máa bi mí ìgbà tí ọkọ mi ń bọ̀. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, tí mo bá wá délé, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Nígbà tó pe mí ní ọdún kẹfà pé ìwé òun ti yí padà, pé òun ti lè béèrè fún ọkọ òun, mo fi sípánà sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ẹni ẹlẹ́ni, mo sì sáré káàkiri ìlú bí ọmọdé.

Kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tó lè yé ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀, mo ní láti sọ bí a ṣe ń ka ilé lọ́dọ̀ wa. Ìlà-ìlà ni àwọn tó tẹ ìlú wa dó kọ́ ilé sí. Àwọn tó kọjú sí òkun ni Ìlà Kìn-ín-ní, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ni Ìlà Kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé inú irà lẹ́yìn ìlú. Nígbà tí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ wa, Ìlà Kìn-ín-ní ló kọ́kọ́ kàn. Àwọn ará ibẹ̀ lọ tún ilé pákó kọ́ sẹ́yìn gbogbo ìlú, lórí òpó, wọ́n sì gbé orúkọ wọn dání. Títí dòní, Ìlà Kìn-ín-ní ló wà lẹ́yìn pátápátá, nọ́ńbà ilé kálukú ò sì yí padà. Bí àlejò bá ń wá a, tó sì kọjú sí òkun, a ó dá a padà. Alàgbà ìlà wa, bàbá kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni sọ létí òun pé a ti kó. Á ní ilẹ̀ ló kó kúrò lábẹ́ wa, àwa ò kó.

Ilé kẹrin ní Ìlà Kìn-ín-ní nilé wa, èmi àti ìyàwó mi. Ọ̀sán gangan ni omi gbé e, lọ́dún kẹrin tí ìyàwó mi ti lọ. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Kí n tó débẹ̀, ilé ìdáná ti lọ. Mo fa bẹ́ẹ̀dì jáde, mo já kọ́tìnì, mo kó ìwọ̀nba ìkòkò. Ògiri iwájú ló pẹ́ jù kó tó wó. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló kùn ún ní ọ̀dà búlúù ní ọ̀sẹ̀ tí ó máa lọ, ó ní kó lè jẹ́ pé ògiri náà ni òun á kọ́kọ́ rí tí òun bá ń bọ̀ lórí omi. Ó rọra tẹ̀, ó wó sínú omi, n ò sì lè ṣe nǹkan kan. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n ò ní parọ́.

Ṣùgbọ́n n ò sọ fún un. Mo ní ó ti ní wàhálà tirẹ̀ tó lọ́hùn-ún, kí n má fi èyí kún un, tí mo bá tún ilé gidi kọ́ tán, màá sọ. N ò rí ilé gidi kọ́. Ilé pákó tí mo kọ́ sínú irà pẹ̀lú àwọn ará ìlà wa ni mo ń gbé. Tó bá béèrè pé ilé ńkọ́, màá ní ilé wà. Tó bá fẹ́ rí mi lórí fóònù, màá dúró síwájú kọ́tìnì tí mo gbà sílẹ̀, tí mo kàn mọ́ pákó, kó lè rò pé iyàrá wa ni. Mo tiẹ̀ ń yangàn nínú ọkàn mi pé mo gbọ́n. Ọdún méjì ni mo fi dúró síwájú kọ́tìnì yẹn.

Báyìí ni mo ṣe jókòó láti kọ fọ́ọ̀mù físà. Olùkọ́ kan wà ní ìlú wa, ọmọ apá Ọ̀yọ́ tí ìjọba gbé wá sí ilé ẹ̀kọ́ girama, onísùúrù ènìyàn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní rárá. Mo ní ẹni tó lè tú ẹ́ńjìnnì, kó sì tò ó padà láìṣẹ́ nǹkan kan kù sílẹ̀, kò lè ṣàìmọ ọ̀nà fọ́ọ̀mù. Wọ́n bi mí níbo ni mò ń gbé. Mo kọ ọ́ pé ilé kẹrin, Ìlà Kìn-ín-ní. Wọ́n bi mí láti ìgbà wo. Mo ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Wọ́n bi mí bóyá mo ti gbé ibòmíràn láàárín ìgbà náà. Mo ní rárá. Ní ìlú wa, irọ́ kọ́ nìyẹn, kò sí ará ìlà wa tí kò ní kọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n èmi mọ ìdí kejì. Mo ń bẹ̀rù pé ìwé náà á tẹ ìyàwó mi lọ́wọ́, á sì mọ̀ pé ilé ti wó. Lẹ́tà tirẹ̀ ni òun náà kọ lọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń pe ọkọ wá, ó sì fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni nínú wa tó ní kí ẹnì kejì jẹ́ kí òun kà á.

A dúró fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí èsì dé sórí fóònù mi, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ, mo sì fi ìtìjú gbé e tọ olùkọ́ lọ. Ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un kà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ìyàwó sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé ní ọdún méjì sẹ́yìn ni òkun gbé ilé àwọn lọ, pé ilé pákó lẹ́yìn ìlú ni ọkọ òun ń gbé. Wọ́n ní ọkọ sọ pé òun ò kúrò níbẹ̀ rí. Wọ́n ní àwọn wo àwòrán ibẹ̀ tí wọ́n yà láti òkè, ibi tí ọkọ ní òun ń gbé, omi ni. Nítorí náà, àwọn ò gbà pé tọkọtaya tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni àwọn méjèèjì.

Mo bú ẹni tó kọ ọ́. Mo bú u tọkàntọkàn, olùkọ́ sì jẹ́ kí n bú u tán. Lẹ́yìn náà ló wá rọra sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín mọ̀ pé ilé ti wó." Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí létí. Ó ti mọ̀ láti ọdún méjì.

Mo kọ́kọ́ gba ilé ìyá rẹ̀ lọ, ní òpin afárá pákó. Ó ń yan ẹja lọ́wọ́. "Kí ghan wí?" ló bi mí, pé kí ni wọ́n sọ, kí n tó jókòó pàápàá. Mo ní wọ́n kọ̀, Màmá. Mo sọ ìdí rẹ̀. Ó yí ẹja kan padà, ó ní òun ló sọ fún ọmọ òun, ní ọjọ́ kejì tí ilé wó, pé òun rò pé mo ti sọ fún un. "Ìgbà tó ní kí n má jẹ́ kó o mọ̀ pé òun gbọ́, mo dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ra yín."

Mo pe ìyàwó mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n ò sì lọ dúró síwájú kọ́tìnì kankan. Ìdí afárá ni mo jókòó sí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ pé òun mọ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" ni ìdáhùn rẹ̀. "Mo máa ń rí kọ́tìnì yẹn. Mo máa ń wò ó pé kò sí wíńdò lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní tó bá fẹ́ sọ, á sọ. O ò sọ."

Mo ní mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dàrú ni.

"Ọkàn mi dàrú. Èmi nìkan ló dàrú fún."

Ó wá ní òun ti ka ìwé tí wọ́n fi kọ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹta, òun fẹ́ bínú sí i, òun ò rí ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́ mọ́ wa. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun fẹ́ béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní òun lè gba àlejò kan wọ ilé òun, ṣùgbọ́n ọkọ ni òun ń wá. Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ti físà mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ bí mi ò ṣe bẹ ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó yá, ó ní kí n lọ kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi láti ọdún mẹ́fà, láìfi nǹkan kan pamọ́, kí n fi ránṣẹ́ sí òun kí n tó fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Òun náà á kọ tòun.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́, lẹ́yìn iṣẹ́, ní kíláàsì olùkọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kúrò. Èmi ń sọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Mo ti rò pé ojú ewé kan á tó. Mo sọ ti ògiri búlúù. Mo sọ pé mo dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mo ní fóònù mi ló bàjẹ́. Mo sọ pé ní ọdún karùn-ún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kó máa lọ, kí kálukú wa sinmi. Olùkọ́ gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ó bi mí bóyá kí òun kọ ìyẹn náà. Mo ní kó kọ ọ́. Ó di ojú ewé mọ́kànlá. Alàgbà ìlà wa kọ lẹ́tà tirẹ̀ láti ṣàlàyé bí a ṣe ń ka ilé, ó sì wọ ọkọ̀ bá mi lọ sí Igbókòdá láti búra níwájú akọ̀wé kóòtù. Akọ̀wé ní kó sọ ọ́ pé a ti kó. Ó kọ̀ jálẹ̀. Lẹ́yìn àríyànjiyàn, wọ́n kọ ọ́ pé òkun gbé ilẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń gbé ní ibi tí wọ́n wà báyìí. Ó buwọ́ lù ú.

Ìwé ìyàwó mi dé kí n tó parí tèmi. Orí afárá ni mo ti kà á. Ó ti ṣubú lórí yìnyín nígbà òtútù ọdún kejì, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kán, oṣù mẹ́ta ló fi ń fi ọwọ́ òsì gbá fóònù mú. Mo rántí àwọn oṣù náà. Mo ti rò pé ó kàn fẹ́ kí n máa rí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan ni, pé ó ń ṣe fáàrí. Ó kọ ọ́ pé ní ọdún karùn-ún, òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí n máa lọ. A jọ ń sá lọ ní ọdún kan náà, olúkúlùkù ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kejì lórí fóònù.

Wọ́n gbà fún wa lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ariwo kankan nínú ìwé yẹn, ìlà díẹ̀ ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ní àwọn ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ, wọ́n kọrin sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tí mo dé, ìyàwó mi dúró ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ó sanra díẹ̀, irun funfun méjì mẹ́ta ti yọ níwájú orí rẹ̀. Ó kí mi kú ìrìn, mo ní kú ilé. Ojú ń ti àwa méjèèjì.

Ó di ọdún mẹ́rin báyìí. Mọ́tò ni mò ń tún ṣe níbí, kò sí òkun nítòsí. Àwọn tó gbọ́ ìtàn wa máa ń ní a kú oríire físà, mo sì máa ń dúpẹ́. N kì í sọ fún wọn pé èsì àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi kọ̀ wá, ni mo tẹ̀ sórí ìwé tí mo tọ́jú. Ká ní wọ́n gbà wá wọlé nígbà náà ni, ènìyàn méjì tó mọ bí wọ́n ṣe ń tu ara wọn nínú, tí wọn ò sì mọ ara wọn, ni ì bá máa gbé ilé yìí.

Àṣà fífi nǹkan pamọ́ kò sì tíì tán lára mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó jókòó láìbọ́ kóòtù. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Ó kàn ń wò mí.

Mo ní, "N ò tíì jẹun. Ebi ń pa mí gan-an. Mi ò fẹ́ kó o dìde dáná ni."

Ó bọ́ kóòtù, ó ní kí n dìde, kí èmi máa bẹ iṣu, kí òun gbé omi kaná.