Abọ́ Sàlíhà

Inú abọ́ ńlá kan ni gbogbo àwa obìnrin ilé wa ní àdúgbò Sawaba ti máa ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Sàlíhà, aya àbúrò ọkọ mi, ti là á mọ́lẹ̀ pé àrùn ẹ̀dọ̀ wà lára òun ni wọ́n ti ya abọ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀. Mo bú wọn títí, wọn ò gbọ́. Sàlíhà ní tirẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń ta aṣọ ní ọjà Adum, ó sì ń fún àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn náà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ, onígbàjámọ̀ fá orí bàbá ọmọ tán, ó nu abẹ, ó kọjú sí jòjòló. Sàlíhà dìde.

"Baba, ẹ dúró ná! Àrùn yìí kì í ti inú abọ́ ran èèyàn, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Abọ́ mi lẹ ń sá fún, abẹ kan náà lẹ fi ń fá orí gbogbo yín!"

Ó fa abẹ tuntun yọ nínú àpò rẹ̀.

Sùbúhánàlláhi! Onígbàjámọ̀ gba abẹ tuntun náà. Ìyàwó ọmọ mi, tí kì í jẹ́ kí Sàlíhà gbé ọmọ rẹ̀, ló dìde, tó gbé ọmọ náà lé Sàlíhà lọ́wọ́ pé kó bá òun di orí rẹ̀ mú.