Lẹ́ńsì Tí Mo Fi Ya Fọ́tò Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé girama, tí mo jókòó sílé wa ní Òkèrèwè tí mò ń retí èsì ìdánwò, ni àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Àwọn ọdún yẹn náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ń kó ẹrù wọn lọ sí òkè òkun lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ èyí fún yín kí ẹ lè mọ bí lẹ́ńsì tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ ṣe dé ọwọ́ wa.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì. Fọ́tò yíyà kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ó ní kámẹ́rà kan tó ń lo fíìmù, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lọ́jọ́ Sátidé, a máa ń ya àwọn agbolé àtijọ́ ní Ìrémọ, tàbí ká lọ ya àwọn tó ń ta iṣu lẹ́bàá títì ní Ẹdúnàbọ̀n. Lẹ́ńsì ẹnu kámẹ́rà náà gùn, èèyàn lè fà á kí ohun tó jìnnà dà bí èyí tó wà nítòsí. Nínú oòrùn, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Àmọ́ tí a bá ti wọ inú ilé, kì í gba ìmọ́lẹ̀ tó, fọ́tò á sì dúdú.

Nígbà tó yá, wọ́n dá ìyá mi padà láti ọsibítù pé ká máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí yé gbogbo wa, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde. Yàrá ẹ̀yìn ló dùbúlẹ̀ sí, torí ìmọ́lẹ̀ ti ń ni ojú rẹ̀ lára, a sì fi aṣọ tó nípọn bo fèrèsé. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fún un ní ògì mu, tí mò ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tí mo sì ń gbé àbúrò mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, lọ bá a. Ẹ ó rò pé mò ń sunkún. N kò sunkún. Ṣé ẹ mọ ìgbà tí èèyàn bá sùn lé apá rẹ̀ lórí? Ó ń wo apá náà, ó tiẹ̀ lè fi ọwọ́ kejì gbé e, ṣùgbọ́n kò dà bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara mi ṣe rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi ní kí n wá ya òun ní fọ́tò. Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí nígbà yẹn, kì í wọlé tán.

"Fọ́tò rẹ pọ̀ nílé," ó ní. "Ti ìgbéyàwó ńkọ́? Ó dára gan-an."

"Ó dára," ìyá mi dáhùn. Ó gbé ọwọ́ lé àbúrò mi tó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ṣùgbọ́n èyí kò mọ obìnrin yẹn rí. Ojú tí mo ní báyìí ló mọ̀. Tí ẹ bá fi ìyàwó inú fọ́tò yẹn hàn án pé ìyá rẹ̀ nìyẹn, á rò pé ẹlòmíràn ni."

Mo lọ gbé kámẹ́rà. Bí fláàṣì ṣe bù yẹ̀rì báyìí, ìyá mi fi ọwọ́ bo ojú, ó sì kérora. Mo pa fláàṣì náà, mo ya ìyókù láìlò ó. Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà, ìrọ̀rí ló hàn díẹ̀. Ojú ìyá mi kò sí níbẹ̀.

Bàbá mi wá gbọ́ pé olùkọ́ kan tó ń múra àtilọ sí Kánádà ń ta ẹrù rẹ̀, pé àwọn lẹ́ńsì tó lè bá kámẹ́rà wa mu wà níbẹ̀. A lọ bá a ní ilé rẹ̀. Pálọ̀ ti ṣófo, páálí ló kún ibẹ̀. Ó to lẹ́ńsì mẹ́ta sórí ọ̀kan.

"Kò sí èyí tó ṣeé fà nínú wọn," ó ní fún mi. "Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ríran ni á máa ríran. Tí o bá fẹ́ kí nǹkan tóbi sí i, ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi rìn sún mọ́ ọn. Kí lo fẹ́ yà?"

"Ìyá mi ni, sà. Inú yàrá ni wọ́n wà, a kò sì lè tan iná sí wọn lójú."

Ó wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo àwọn páálí. Olùkọ́ náà ta kọ́tìnì kí pálọ̀ lè ṣókùnkùn díẹ̀, ó gbé àga kan kalẹ̀ fún bàbá mi, ó ní kí n fi í dán àwọn lẹ́ńsì náà wò.

Èyí tó kúrú jù ni mo kọ́kọ́ mú. Gbogbo pálọ̀ ló wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sún mọ́ bàbá mi kí ojú rẹ̀ lè tóbi, imú rẹ̀ wú, etí rẹ̀ sì sá sẹ́yìn. Mo ro ti ojú ìyá mi tó ti rù, mo yọ ọ́. Mo fi èyí tó gùn sí i. Ojú bàbá mi dára nínú tìyẹn, àmọ́ mo ní láti máa fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri.

"Mú ìyẹn," bàbá mi sọ láti orí àga. "O lè dúró sẹ́nu ọ̀nà yà á."

Ẹ̀kẹta kò gùn, kò wúwo. Àádọ́ta ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára. Olùkọ́ náà ní kí n má pa ojú kejì dé. Mo la ojú méjèèjì, mo fi ọ̀kan wo inú kámẹ́rà, mo fi èkejì wo bàbá mi lásán, bákan náà ló sì ṣe tóbi nínú méjèèjì. Kò sún mọ́ mi ju bó ṣe wà lọ, kò sì jìnnà.

"Ẹnu rẹ̀ tún máa ń là gbòòrò," olùkọ́ náà ní. "Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó o."

Mo ń wo bàbá mi. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. N kò mọ ìgbà tó funfun, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà la jọ ń jẹun lójoojúmọ́.

"Èyí ni mo fẹ́," mo ní.

"Èyí tó gùn kò ní jẹ́ kó o sún mọ́ ọn jù," bàbá mi ní.

"Bàámi, yàrá yẹn kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Mo sì fẹ́ kí Màámi máa gbọ́ mi tí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó mi orí sí i pé kí n mú un. Olùkọ́ náà fi ìbọ̀sẹ̀ mímọ́ kan wé lẹ́ńsì náà fún mi. Ó ní ká bá òun kí ìyá mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo ká aṣọ fèrèsé sókè díẹ̀, ìwọ̀n tí ìyá mi lè fara dà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ń fi ìka rẹ̀ ṣeré.

"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín?" ìyá mi bi mí.

"Tó bá wù yín, mà."

"Kò wù mí."

"Ẹ má rẹ́rìn-ín nígbà náà."

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wá gbé ojú sókè wò mí, mo sì tẹ kámẹ́rà. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Mo rántí pé mo rò ó nínú ara mi pé ó yẹ kó gbọ̀n.

Ní Ìrémọ ni wọ́n ti fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo gbé e dé, ìyá mi mú un sún mọ́ ojú, ó wò ó pẹ́. "Èmi nìyí," ó ní, ó sì dá a padà fún mi. Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tán tó fi kú.

Nígbà tí àwọn ẹbí ń wá fọ́tò tí wọ́n máa fi ṣe pósítà òkú, bàbá mi ló gbé fọ́tò tí mo yà jáde. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ̀ jálẹ̀.

"Ojú àìsàn nìyẹn," ó ní. "Ṣé ohun tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri kiri ìlú nìyẹn?"

"Ojú ìyàwó mi ni," bàbá mi dáhùn.

Ti ìgbéyàwó ni wọ́n lò lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Bàbá mi kò bá wọn jà. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó kan ìṣó kan mọ́ ògiri pálọ̀, sísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ọmọ kékeré lè tó, ó sì fi fọ́tò yẹn kọ́ ibẹ̀. Láràárọ̀, àbúrò mi á lọ dúró níwájú rẹ̀, á ní, "Màámi, ẹ káàárọ̀." Kò ṣèèṣì pè é lẹ́lòmíràn rí. Èmi á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, màá lọ dáná.

Lóde òní, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kì í yan lẹ́ńsì mọ́. Fóònù ló ń yàn án fún yín. Ó ń fa ọ̀nà jíjìn sún mọ́, ó ń ríran nínú òkùnkùn, ó sì ń dán ojú èèyàn títí kò fi ní sí ìlà kankan níbẹ̀. Èmi náà ní ọ̀kan, ó dára, mo sì ń lò ó. N kò sọ pé ayé ìgbà yẹn sàn ju èyí lọ. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí.

Fọ́tò yẹn wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mo máa ń wò ó nígbà míì bóyá ẹkún á wá, kì í wá. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ìyá mi kéré lọ́jọ́ orí. Mo ti dàgbà jù ú lọ tipẹ́. Bí a bá pàdé ní títì lónìí láìmọ ara wa, òun ni ì bá kúnlẹ̀ kí mi, á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," èmi á sì dá a lóhùn, màá máa bá tèmi lọ.