Àṣẹ́kù Tó Fẹ́ Lé Ọ̀rẹ́ Mi Lọ Sílé

Òórùn yíǹkì gbígbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí mo bá ronú kan Agbowó, níbi tí mo gbé nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan wà lábẹ́ yàrá èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ooru ẹ̀rọ wọn a sì máa gba ojú fèrèsé wọlé bá wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti kíláàsì dé, mo bá ọ̀rẹ́ mi níbi tó ti ń ká aṣọ sínú báàgì. Ó ní Òjòó lòun ń lọ, òun fẹ́ wọkọ̀ níbẹ̀ lọ sílé wọn ní Ṣakí.

"Ó sàn kí n fẹnu ara mi sọ fún Bàbá mi," ló wí. "Olódo ni mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí òun ló ń ṣàlàyé ìṣirò fún gbogbo wa. Àmọ́ ó ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, olùkọ́ rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé tí tọ̀tẹ̀ yìí bá tún bàjẹ́, ilé ló ń lọ. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi nọ́ńbà ti ọ̀rọ̀ àṣírí pa ló ń kọ, lédè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní C. Àwọn nọ́ńbà ọ̀hún gùn débi pé C fúnra rẹ̀ ò lè gbé wọn, ló bá lo láíbìrì kan, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ ìṣirò tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, tó ń gba nọ́ńbà bó ti wù kó gùn tó. Nígbà míì, ọ̀rọ̀ tó tì pa á ṣí bó ṣe yẹ. Nígbà míì, wúruwùru ni. Kọ̀ǹpútà ò sì sọ pé ó ṣe àṣìṣe kankan.

Mo ní kó gbé báàgì sílẹ̀ ná, ká fi nọ́ńbà kékeré dán an wò. A yọ mẹ́jọ kúrò nínú márùn-ún, a wá ní kí láíbìrì fi ogún pín in, kó fún wa ní àṣẹ́kù. Ẹẹ́ta ló gbé jáde, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú. Ọ̀rẹ́ mi tẹjú mọ́ ọn títí.

"Kò yẹ kó lọ sábẹ́ òdo," ló wí. "Ṣe ló yẹ kó yọ ẹẹ́ta yẹn nínú ogún. Mẹ́tàdínlógún!"

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa ka mẹ́tàdínlógún nílé náà nìyẹn: ogún tí a yọ ẹẹ́ta kúrò nínú rẹ̀. Àṣé láíbìrì yẹn ní ju ọ̀nà kan lọ láti wá àṣẹ́kù: ọ̀kan ń fi àmì ìyọkúrò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òmíràn kì í jẹ́ kó lọ sábẹ́ òdo láé. Ti àkọ́kọ́ ló ti ń lò látọjọ́ yìí, nígbàkigbà tí ìyọkúrò bá sì ti lọ sábẹ́ òdo, ọ̀rọ̀ a dàrú. Ó pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ sì ṣí. Ló bá dorí kodò, ó sunkún bí ọmọdé.

Ó yege. Síbẹ̀, ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi, torí ká ní mo pẹ́ díẹ̀ sí i ní kíláàsì ni, ì bá ti lọ. Olùkọ́ lèmi náà báyìí, ní Bódìjà. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún mi pé orí òun ò gbé e, mo máa ń jókòó tì í, ká jọ wo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo máa ń bi ara mi pé: àwọn mélòó ló ti wọkọ̀ lọ sílé, tí wọ́n ń pe ara wọn ní olódo, tẹ́nikẹ́ni ò jókòó tì wọ́n?