Aago Tó Ní Oyèbísí Kò So Èso

“Àǹtí, ta ló ń lé yín?”

Mofẹ́olúwa ló béèrè bẹ́ẹ̀, ní ọdún tó wà ní kíláàsì karùn-ún nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ kì í jáde níwájú àgbà ni. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló dúró sí, tó di etí ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó ti múra àtisá. Oyèbísí, ìyàwó àbúrò ìyá rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé láti ráńdàbáòtù Galadimawa ní Àbújá, ní àárọ̀ Sátidé kan ni. Òógùn bò ó, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ó wo ọmọ náà, ó gbé omi mu, kò sì dá a lóhùn.

 

Aránṣọ ni Oyèbísí, aṣọ ilé-ìwé ló sì ń rán jù lọ. Ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ tó di iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ní Ẹdẹ tí wọ́n ti bí i, kò sí ọmọbìnrin tó lè ṣíwájú rẹ̀ nínú eré ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ mítà. Ó ti sáré fún ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun rí. Bàbá rẹ̀ kú, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin girama, ó kọ́ṣẹ́ aṣọ. Ó pé ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó fẹ́ Akin Ọlábímtán, awakọ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ó sì tẹ̀ lé e wá sí Àbújá.

Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó náà ni eré parí. Bùkúnmi, ẹ̀gbọ́n Akin obìnrin, ìyá Mofẹ́olúwa, bá a níbi tó ti ń so okùn bàtà.

“Ìyàwó, níbo?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀ ni.”

“Ẹsẹ̀ wo? Obìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ kì í gbọn ilé ọmọ jìgìjìgì bí ẹni ń gbọn ìgò oògùn. Jókòó.”

Oyèbísí jókòó. Ó jókòó ọdún kan, ó jókòó ọdún méjì, ó jókòó títí ó fi di mẹ́sàn-án. Àwọn tí wọ́n jọ dé Galadimawa ti di Ìyá Lágbájá, Ìyá Tàmẹ̀dò. Òun nìkan ni wọ́n ṣì ń pè ní ìyàwó, bí ẹni pé àná ni wọ́n mú un wọlé. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ máṣíìnì, ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tí kò lọ síbì kankan.

Ummulkhulthum ló mú aago wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Ìlọrin ni, akọ̀wé ìjọba, tó máa ń sáré nínú híjáàbù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Oyèbísí ń rán fún un. Ó ra aago eré ìdárayá tuntun, ó sì bọ́ ti àtijọ́ sórí tábìlì tí Oyèbísí fi ń gé aṣọ.

“Gbà. Yóò máa sọ bí ọ̀nà tí o sá ṣe jìn tó, yóò máa ka bí ọkàn rẹ ṣe ń lù.”

“Èmi? Ta ló fẹ́ sáré?”

“Kai, Oyèbísí! Bí o ṣe máa ń wo ẹsẹ̀ mi, bí ẹni tébi ń pa tó ń wo àwo ẹlòmíràn! Gbà á, jọ̀ọ́.”

Ó gbà á. Ní ọjọ́ kejì, ó sáré kìlómítà kan péré, ó sì bì sí etí gọ́tà. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún jáde. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Nápẹ̀pù fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Màdáàmù, ẹ wọlé ká gbé yín! Ó ti rẹ títì gan-an fún yín!”

“Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yín, ká jọ sá a!” lòun náà fi dá wọn lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èémí rẹ̀ kò tó ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, aago gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Òyìnbó gígùn kan sì yọ lójú aago náà. Kò dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀, ó pe Mofẹ́olúwa, tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. “Unproductive.” Ọmọ náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó tú u sí wẹ́wẹ́ bí tíṣà ṣe kọ́ wọn, ó wá èyí tó bá a mu jù nínú Yorùbá tó ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ó ní… ó ní ẹ kò so èso, Àǹtí.”

Ojú ẹsẹ̀ náà ni Bùkúnmi, tó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé, tẹsẹ̀ wọlé.

“Háà! Ohun tí gbogbo wa ń fi aṣọ bò láti ọdún mẹ́sàn-án yìí, irin ti tú u síta!”

Oyèbísí fa apá aṣọ rẹ̀ bo aago náà. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú àdúrà àwọn ẹlòmíràn, ó ti gbọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Kò rò ó rí pé yóò yọ lọ́wọ́ òun fúnra òun, lára ohun tó ń ka ìlù ọkàn òun.

Ní ọjọ́ Àìkú, Bùkúnmi kó Akin àti ìyàwó rẹ̀ jọ sí pálọ̀ wọn.

“Ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán,” ló fi bẹ̀rẹ̀. “Ìyàwó, kò sí ohun tí ò ń lé. Bọ́ aago yẹn fún Akin. Eré ti parí lónìí.”

Akin tẹjú mọ́ táìlì ilẹ̀. Oyèbísí wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó ti kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó dìde. Ní ọdún mẹ́sàn-án, kò bá obìnrin náà jiyàn rí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí n jókòó, mo jókòó. Ṣé ìjókòó bímọ?”

Ó fa okùn aago náà le sí i lọ́wọ́.

“Bí eré bá ń ba ilé ọmọ jẹ́, ìjókòó kò tún un ṣe. N ó máa sáré. Ẹ pè mí ní ohun tó bá wù yín.”

“Akin, ṣé ò ń gbọ́ ìyàwó rẹ?”

Akin gbójú sókè. Ìyàwó rẹ̀ ló kọjú sí. “Bàtà rẹ ti là lábẹ́,” ló sọ. “Má fi sá lórí ọ̀dà mọ́, a máa ra òmíràn.”

Bùkúnmi gbé báàgì rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, Oyèbísí a máa jáde ní kùtùkùtù, kí Bùkúnmi tó ṣí ìsọ̀ rẹ̀ nítòsí ráńdàbáòtù. Láti ọjọ́ Ajé yẹn, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde, nígbà tí gbogbo ojú wà níta. Yóò gba iwájú ìsọ̀ náà lọ, yóò gba ibẹ̀ bọ̀. Bó bá sì débẹ̀, yóò tẹ orúnkún díẹ̀ láì dúró: “Ẹ kú ọjà, ẹ̀gbọ́n mi!” Odindi oṣù kan ni Bùkúnmi kò fi jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó ń hùn.

Nígbà tí Oyèbísí sọ ọ̀rọ̀ aago fún Ummulkhulthum, ìyẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

“Ta ló túmọ̀ ẹ̀? Kò kan ọmọ bíbí! Ó ní ò ń sáré ju agbára rẹ lọ, o kì í sinmi, ara rẹ ò rí èrè eré jẹ. Fi ọjọ́ méjì sinmi lọ́sẹ̀.”

Oyèbísí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò wọ inú. Ó ń sinmi bí wọ́n ṣe wí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, aago tún gbọ̀n, lójú Ummulkhulthum báyìí. Kò nílò ògbufọ̀. “Productive.” Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kìíní náà ni, wọ́n kàn gé orí rẹ̀ sọnù.

“Yauwa! Ó ti so èso! Lọ fi han ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ!”

“Rárá. Níbo ni wọ́n ti ń pa á?”

“Pa kí ni?”

“Ẹnu rẹ̀. Kó sọ ọ̀nà fún mi, kó sọ àkókò. Èmi kò bi í léèrè irú ènìyàn tí mo jẹ́.”

Wọ́n wá ibẹ̀ títí wọ́n fi rí i. Oyèbísí fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

Ọdún márùn-ún ti kọjá. Ọmọ kò dé. Oyèbísí ń sáré kìlómítà mẹ́wàá báyìí, àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń ránṣọ fún sì ń pè é ní Àǹtí Asáré. Bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ bá rí i, wọ́n á yà fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Mofẹ́olúwa, tó ti wà ní kíláàsì kẹrin girama, mú síkẹ́ẹ̀tì tó ti kúrú wá. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, ó ń fẹ́ ara rẹ̀ ní abẹ̀bẹ̀. Oyèbísí bẹ̀rẹ̀, ó ń fi píìnì mú ìṣẹ́tí.

“Mofẹ́, o bi mí ní nǹkan kan nígbà kan, n kò dá ọ lóhùn.”

Ojú ti ọmọ náà. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ aago yẹn, mi ò mọ̀ pé…”

“Kì í ṣe ti aago. O ní ta ló ń lé mi.” Oyèbísí yọ píìnì tó kù lẹ́nu, ó sì gbé ohùn sókè kó lè dé orí bẹ́ńṣì. “Ẹ̀yin ni, ilé yín. Mo jókòó, ẹ ń lé mi; mo dìde, ẹ ń lé mi. Ìgbà tí mo dìde ni mo tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè sáré nínú yín.”