Ta Ló Ń Wo Oko Mi Láti Òkukù?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí díẹ̀, ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe ohun tí mo lè dá mọ́ra.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ti ń gbin tòmátò sínú ilé onírọ́bà, èyí tí wọ́n ń pè ní greenhouse, níbí ní Ìnísà. Iléeṣẹ́ kan ní Ìkìrun ló bá mi kọ́ ọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kéékèèké sínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ ooru àti omi, gbogbo rẹ̀ á sì máa hàn lórí fóònù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo lè wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n máa yọjú wo oko mi, kí Ọlọ́run má bínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, Alhaja tó máa ń ra ọjà lọ́wọ́ mi dé láti Òkukù. Wọn ò tíì wọ inú oko, wọ́n ti ní kí n má wulẹ̀ dárúkọ iye gidi. Wọ́n ní omi ò dé ọwọ́ òsì láti ìjẹta, pé ooru ti mú tòmátò ibẹ̀, pé tí n ò bá tà á lónìí, màá kó gbogbo rẹ̀ dànù ni.

Òótọ́ ni o! Páìpù omi mi ti dí láti ìjẹta. Àmọ́ n ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló wá sọ fún wọn?

Mo bi wọ́n. Wọn ò tilẹ̀ fi pamọ́. Wọ́n na fóònù wọn sí mi: ooru oko mi rèé, omi rèé, orúkọ mi gàdàgbà lókè. Àfi bí ìgbà tí wọ́n ká mi mọ́ balùwẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́jà, àwọn á padà wá gba èsì lọ́sàn-án. Tòmátò mi ti pọ́n tán, kò lè di ọjọ́ kejì nínú ooru yẹn, wọ́n sì mọ̀.

Mo gun ọ̀kadà, ó di Ìkìrun. Kúnlé, ọmọkùnrin tó bá mi gbé ẹ̀rọ náà sóko, ni mo bá ní ọ́fíìsì. Ó ní iléeṣẹ́ ló ṣí oko wa sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà kí ọjà wa lè tètè tà. Mo bi í pé ta ló gbàṣẹ lọ́wọ́ mi.

“Mọ́mì, nọ́ńbà mi la fi ṣí àkáǹtì oko yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi tèmi sí i, pé iyẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Èmi ni wọ́n bi, mo sì ní kò burú.”

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n kò parọ́. Ta ni nínú wa tí kì í na fóònù sí ọmọdé pé “bá mi tẹ̀ ẹ́”?

Mo ní kó yí i sí nọ́ńbà mi. Ó ní ọ̀gá òun lè máà fẹ́. Mo fa àga, mo jókòó.

“Kúnlé, oko ta ni?”

“Tiyín ni, ma.”

“Yí i.”

Ó ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń wo oòrùn tó ń gòkè lójú fèrèsé. Fóònù mi dún, kóòdù ti wọlé. Kúnlé nawọ́ kó gbà á bá mi tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ ò gbà mí gbọ́, mo ti fẹ́ gbé e fún un! Mo fà á padà. Mo wá awò ojú mi, mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Fóònù bi mí ẹni tí mo fẹ́ kó máa rí oko mi. Mo yọ gbogbo wọn kúrò.

N ò tíì dé Ìnísà tí Alhaja fi pè mí.

“Ìyá Tolú, oko yín ò hàn mọ́ o. Báwo ni tòmátò yẹn?”

“Ẹ máa bọ̀, Alhaja. Ẹ wá fojú yín wò ó.”

Wọ́n wá. Èmi fúnra mi ni mo mú wọn lọ sí ọwọ́ òsì, tí mo fi èyí tí ooru mú hàn wọ́n. A yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì ra ọwọ́ ọ̀tún níye tó yẹ ẹ́. Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹni tó wà lórí oko yín kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́.