Gẹ̀ẹ́sì Inú Fíìmù Ìfẹ́

Láàrin Pobè sí Sakété, alùpùpù kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì epo láti ibodè ṣubú níwájú alùpùpù tí mo gùn, iná sì sọ. Mo yè é. Àpá rẹ̀ wà lọ́rùn àti apá mi, títí dòní mi ò sì gun alùpùpù mọ́.

Nígbà tí ọmọkùnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Gánà ní òun ń mú àfẹ́sọ́nà òun bọ̀, ó ní ọmọbìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́. Ẹ̀rù bà mí. Nílẹ̀ wa, a máa ń wádìí àìsàn ìdílé kí a tó fẹ́ra. Bí ẹnì kan bá sọ fún un pé àrùn ìdílé ni àpá mi, ó lè kọ ọmọ mi. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi ṣàlàyé.

Àbúrò mi obìnrin ní fíìmù ìfẹ́ àtijọ́ ti àwọn òyìnbó nínú fóònù rẹ̀, àwọn tó ń pani lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, a máa ń wò ó, a ó dá a dúró, èmi á tún ọ̀rọ̀ wọn sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sábà máa ń sọ, kíá ló wọ̀ mí lórí: dúró, má lọ, gbọ́ mi ná. Mo tún ń ṣa ọ̀rọ̀ iná àti ti ìdílé mọ́ ọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ fẹ́ lọ bá sọ gbogbo èyí?”

“Ìyàwó ọmọ mi ni.”

“Ẹ ṣáà má lọ máa sunkún nínú òjò bíi tiwọn.”

Ọjọ́ tí wọ́n dé, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ káàsán, Màmá.” Nínú fíìmù, wọn kì í béèrè ará ilé, ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mi, mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo ọmọ mi.

Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ ò tíì dá kíkí rẹ̀ lóhùn. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ‘ilé ńkọ́’.”

Mo béèrè ilé, mo béèrè bàbá àti ìyá. “Wọ́n wà, Màmá,” ó ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó dìde. Mo wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀, pé iná ló jó mi, pé kì í ṣe àrùn ìdílé wa.

Ó kọjú sí ọmọ mi. “Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Mo rò pé o máa kọ̀ mí ni.”

“Ìyá rẹ láyà jù ọ́ lọ. Èmi kò lọ síbì kankan.”

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ó sì yá lẹ́nu wọn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú fíìmù ni. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì kan náà ní kí wọ́n wọlé wá jẹun.